Igi Fúrúùtù Ẹ̀gbẹ́ Àpótí Funfun

Ọkùnrin náà gbá adìẹ funfun kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ wá ìrìbọmi. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà wáyà, ó sì tẹjú mọ́ àpótí tí Fúnmiọlá ń ṣí. Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, nínú oṣù Kọkànlá, ní Èmùrè-Ilé, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá pálá gun orí páànù. Fúnmiọlá wà lórí àga kékeré kan, bàtà òjò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nítorí ìrì, ó sì ti orí bọ inú àpótí funfun kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ igi mẹ́rin, tí ara rẹ̀ jẹ́ kìkì pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ má bínú sí mi. Ilé adìẹ yín yìí mà dára o. Atẹ́gùn ń wọ̀ ọ́ níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Adìẹ mélòó ló ń gbà?"

Fúnmiọlá yọ orí jáde. Ó wo àpótí, ó wo adìẹ tó wà láyà rẹ̀, ó tún wo ojú ọkùnrin náà bóyá yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Tọkàntọkàn ló béèrè.

"Ojú-ọjọ́ la ń sìn síbẹ̀," ó dá a lóhùn. "Kì í yé ẹyin."

Kí ọkùnrin náà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ohùn àgbàlagbà kan ti ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Fúnmi, mélòó?"

"Lókè, méjìlélọ́gbọ̀n pọ́ìntì kan. Nísàlẹ̀, ogún pọ́ìntì mẹ́jọ."

Àgbàlagbà náà tún nọ́ńbà méjèèjì pè, ó sì kọ wọ́n sínú ìwé ńlá kan tó tẹ́ sórí itan rẹ̀. Bàbá Fúnmiọlá ni, Tíṣà Láńrewájú, tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà kan, àwọn kan wá ṣe ìwádìí nípa kòkó lágbègbè náà. Àwọn ló gbé àpótí yìí kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tẹmómítà méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń sọ ibi tí ooru gùn dé lọ́sàn-án, èkejì ń sọ ibi tó sọ̀ kalẹ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn oníkòkó ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tó tún béèrè ìwé náà mọ́. Tíṣà kò dáwọ́ dúró. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kọ ọ́, ní ojoojúmọ́ ayé. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ọmọbìnrin rẹ̀ ń kà á, òun ń kọ ọ́.

Ọkùnrin náà sọ pé Sylvanus lorúkọ òun, pé òun ń sin adìẹ ní Isúàdà, ilé Kàsúmù ni òun ń gbé adìẹ yìí lọ. Fúnmiọlá na ọwọ́ sí ilé tó tẹ̀lé tiwọn. Sylvanus dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ. Kùkùté igi ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí i. Orí rẹ̀ ló jókòó sí, adìẹ lórí itan, ó ń béèrè ìbéèrè kan lé òmíràn, àfi bí ọmọ ilé-ìwé tí kò fẹ́ kí aago lù.

"Ṣé àpótí yín yìí lè sọ bí oṣù Kẹta tó ń bọ̀ ṣe máa gbóná tó?"

"Kí lẹ fẹ́ fi oṣù Kẹta ṣe?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ fún un pé ní oṣù Kẹta tó kọjá, ọgọ́fà adìẹ kú mọ́ òun lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Ooru ló pa wọ́n. Òun fúnra òun ló gbẹ́ ilẹ̀ tí òun sin wọ́n sí, òun kò sì lè jẹ ẹran adìẹ títí ọdún fi parí. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kò fi wá àánú. Fúnmiọlá, tó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín adìẹ orí itan, rí i pé òun kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

"Àpótí kò mọ ohun tó ń bọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwé bàbá mi mọ gbogbo oṣù Kẹta tó ti kọjá. Bí èèyàn bá bi í dáadáa, yóò fèsì."

Fúnmiọlá lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Pólì tó wà ní Ọ̀wọ̀ ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò, kọ̀ǹpútà sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Sylvanus pé tí a bá pa nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, tí a pín in sí méjì, a ó mọ bí ọjọ́ kan ṣe gbóná tó. Tí a bá pa ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n pọ̀ tí a tún pín in, a ó mọ ti oṣù Kẹta. Tí a bá wá to oṣù Kẹta ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sórí ìlà, a ó rí ibi tí ìlà náà dojú kọ.

"Ẹ wá bi í fún mi," ni Sylvanus wí. "Èmi á máa wá bá yín ṣe é ní Sátidé Sátidé. Ẹyin lèmi á fi san án."

Ó sì ń wá. Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí ọyẹ́ fi gba ìlú, kò sí Sátidé kan tí a kò rí ọ̀kadà rẹ̀ níwájú ilé Tíṣà, kéréètì ẹyin kan lẹ́yìn rẹ̀. Fúnmiọlá á gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sylvanus á sì ṣí ìwé, á máa pe nọ́ńbà, òun á máa tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà fẹ̀ bí ìbòrí tábìlì. Nọ́ńbà ló wà ní apá òsì, àkọ́wọ́ Tíṣà wẹ́wẹ́ ló wà ní apá ọ̀tún, ojú Sylvanus sì máa ń ṣìnà láàárín méjèèjì. Ní Sátidé kejì, ó fa páálí kan ya lára kéréètì ẹyin, ó gbé e bo apá ọ̀tún náà pátá.

"Ọpọlọ tún wà nínú orí yìí," ni Fúnmiọlá wí.

"Ẹ ti ń fojú di àwa aládìẹ."

"Ta ló ń pè mí ní ẹ? Èmi àti ìwọ, ta ló dàgbà jù?"

"Èmi ni mo jù," Sylvanus fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ ń bà mí, Màdáámù Ojú-Ọjọ́."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní "o", kì í ṣe "ẹ" mọ́. Ọmọ Arímògìjà ni Sylvanus, èdè ìlú wọn kò sì jọ ti Ọ̀wọ̀ tí ilé Tíṣà ń sọ rárá, nítorí náà Yorùbá ilé-ìwé ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí Fúnmiọlá bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ̀ sọ ti ìlú wọn, Sylvanus á la ẹnu sílẹ̀, á ní àwọn méjèèjì ti tún ń bú òun. Ìyá Fúnmi, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà tó ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó sì gbá ẹ̀yìnkùlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Tíṣà nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Á jókòó sí igun tirẹ̀, á di ojú bí ẹni tó ń sùn, ṣùgbọ́n bí Sylvanus bá ṣi nọ́ńbà pè, á tún un ṣe láìla ojú.

Ní àárín oṣù Kínní ni wọ́n parí rẹ̀. Ìlà náà yọ lójú kọ̀ǹpútà, Fúnmiọlá sì bú sẹ́rìn-ín. Ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún, oṣù Kẹta ń tutù sí i ní Èmùrè-Ilé. Gbogbo ayé ń pariwo ooru, ìlú tiwọn ń tutù. Oṣù Kẹta tó ń bọ̀ yóò jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n pọ́ìntì mẹ́jọ.

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n pọ́ìntì mẹ́jọ," Sylvanus tún un pè bí ẹni ń gbàdúrà. "Adìẹ kì í kú sí irú ooru bẹ́ẹ̀. Fúnmi, o ṣeun. Ọlọ́run á ṣe é fún ọ."

Fúnmiọlá sáré lọ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. "Bàbá, ìwé yín sọ ohun tí ẹlòmíì kò mọ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ jáde, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kà á." Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Ó ní ó dára. Ó dìde, ó wọlé, ògì rẹ̀ sì tutù sórí tábìlì láìjẹ́ pé ó tọ́ ọ wò. Ayọ̀ ni Fúnmiọlá pè é.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nídìí kùkùté náà, Sylvanus di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn púpọ̀ sọ. Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n, gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni òun fi ń dúró de Sátidé, ó sì ti ń rẹ òun láti máa dúró. Fúnmiọlá béèrè pé ṣé ìyẹn ni a ń pè ní "mo fẹ́ fẹ́ ọ" ní Arímògìjà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Fúnmiọlá ní, "Ó dára, mo gbọ́," ojú sì tì í débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹmómítà tó ti kà láàárọ̀.

Àmọ́ nígbà tí Sylvanus dọ̀bálẹ̀ níwájú Tíṣà, ọ̀rọ̀ kò rí bí wọ́n ṣe rò ó.

"N kò mọ ẹnikẹ́ni ní Arímògìjà," ni Tíṣà wí. "Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà lẹ̀ ń lọ, Áńgílíkà ni wá láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi. Ìyẹn kò tiẹ̀ dùn mí tó èyí. Adìẹ lo ń sìn. Ọ̀sán kan ṣoṣo ló pa ọgọ́fà mọ́ ọ lọ́wọ́, ìwọ lo sọ ọ́. Èmi nìyí, mo gba owó oṣù títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọkàn ìyá Fúnmi balẹ̀. Kí ni yóò mú ọkàn ọmọ mi balẹ̀?"

Sylvanus ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀.

"Jẹ́ kí oṣù Kẹta kọjá," Tíṣà ní. "Bí àwọn adìẹ rẹ bá la oṣù Kẹta já, padà wá. Bí wọn kò bá là á já, má ṣe da ọmọ mi láàmú mọ́."

Sylvanus padà sí Isúàdà pẹ̀lú ìrètí. Ilé adìẹ rẹ̀ gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nítorí nọ́ńbà tí Fúnmiọlá fún un, ó kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin adìẹ búróílà, irú tí a ń sìn fún ẹran, wọ̀ ọ́, kí wọ́n lè tó tà fún ọdún Àjíǹde, kí bàbá ọmọ lè rí i pé ọkùnrin ni òun. Tíṣà kò mọ̀ nípa ìyẹn. Fúnmiọlá mọ̀, inú rẹ̀ sì dùn, torí ó gba ìwé bàbá rẹ̀ gbọ́ bí ó ti gba Bíbélì gbọ́.

Oṣù Kejì kò tíì parí tí ilẹ̀ ti ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀. Sylvanus dé ní Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù náà, ó jókòó sórí kùkùté bí ó ti máa ń ṣe, àmọ́ kò lè jókòó pẹ́. Oòrùn ń ta á lórí. Ó dìde, ó wo kùkùté, ó wo àpótí, ó gbé ojú sókè wo òfuurufú tó ṣófo.

"Fúnmi, ìgbà wo ni igi yìí wó?"

"Oṣù Kẹfà tó kọjá. Ìjì ló wó o. Igi fúrúùtù ni. Kí ló dé?"

"Ṣé kì í bo àpótí nígbà tó wà lóòró?"

Fúnmiọlá yíjú sí i. "Kí lo ń sọ?"

"Àwọn adìẹ mi ti ń la ẹnu ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Kò jọ ohun tí nọ́ńbà wa sọ. Mo kàn ń rò ó pé bóyá..."

"Pé bóyá bàbá mi ń kọ irọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?"

"N kò sọ irọ́. Ibòòji ni mo sọ."

"Nítorí pé ó ní kí o dúró, o wá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn." Fúnmiọlá kọ ẹ̀yìn sí i. "Bí o bá gba adìẹ gbọ́ jù mí lọ, lọ bi adìẹ rẹ nígbà náà."

Sylvanus mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní, "Ó dàbọ̀, Fúnmi," ó gbé ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Kò pe fóònù rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, Fúnmiọlá náà kò pè é. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ń ka tẹmómítà láàárọ̀, nọ́ńbà òkè ń ga sí i, mẹ́rìndínlógójì, mẹ́tàdínlógójì, ó sì ń pè é sókè bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó gbé ìwé náà kalẹ̀ láti fi hàn pé Sylvanus kò gbọ́n. Ó ṣí ọdún 2001. Páálí kéréètì ẹyin ṣì wà láàárín rẹ̀, níbi tí Sylvanus gbé e sí, ó ṣì ń bo apá ọ̀tún. Fúnmiọlá mú un kúrò. Òkè ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kọ *Àkíyèsí* sí, Yorùbá ló sì fi kọ gbogbo rẹ̀, nítorí àwọn oníkòkó kò ní í ka ibẹ̀.

*Fúnmi ká eyín lónìí. Ó sunkún títí ó fi sùn.*

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣí i sí oṣù Kẹfà ọdún kan náà.

*Fúnmi gbin kóró fúrúùtù sí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ó ní kí àpótí lè máa rí nǹkan jẹ.*

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni òun nígbà náà. Kò rántí rẹ̀ rárá. Ó ń ṣí ìwé lọ, ọdún lé ọdún.

*Igi Fúnmi ga dé èjìká mi.*

*Igi ti ga ju àpótí lọ. Ó yẹ kí n gé e. Ó di ọ̀la.*

*Ibòòji ń bo àpótí láti agogo kan ọ̀sán. N kò tíì gé e.*

*Ibòòji ń bo àpótí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Fúnmi jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń kàwé ìdánwò.*

*Fúnmi lọ sí ilé-ìwé gíga lónìí. N kò lè gé e mọ́.*

Àti ti oṣù Kẹfà tó kọjá, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi gbàgbà torí ojú àgbàlagbà náà:

*Ìjì wó igi Fúnmi. Mo jókòó tì í títí di ọ̀sán.*

Fúnmiọlá gbé orí lé ìwé náà, ó sunkún. Gbogbo ọdún yìí, òun rò pé bàbá òun kò fẹ́ràn ohun mìíràn tó bí ìwé rẹ̀. Kò mọ̀ pé ó ti jẹ́ kí ìwé náà bàjẹ́ nítorí òun.

Nígbà tó gbé orí sókè, Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O ti ká páálí kúrò," ni bàbá wí.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Ó jókòó tì í jẹ́ẹ́jẹ́. "Àwọn tó ni àpótí ti lọ. Mo ní ta ni yóò ṣe ní ibi? Mo ń kọ ohun tí tẹmómítà wí, mo sì ń kọ igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n má baà parọ́. Lọ́jọ́ tí o wá sọ fún mi pé ìlú wa ń tutù, ẹnu mi wọ. Inú rẹ dùn jù. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ fún ọ pé igi rẹ ni."

"Bàbá, Sylvanus ti kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin adìẹ sínú ilé tó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nọ́ńbà yẹn ló gbẹ́kẹ̀ lé."

Tíṣà yí ojú sí i. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti ìwé náà sún mọ́ ọmọ rẹ̀. "Tún un bi," ó wí. "Tún ìwé náà bi, kí o sì fi igi sí i."

Fúnmiọlá tún kọ̀ǹpútà ṣí. Ó yọ àwọn ọdún àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, kí igi tó ga. Ó wá wo oṣù Keje títí dé oṣù Kejì, láti ìgbà tí igi ti wó, ó sì fi wọ́n wé irú oṣù bẹ́ẹ̀ nígbà tí igi ṣì wà. Àpótí tó ti bọ́ sí gbangba oòrùn gbóná ju àpótí abẹ́ igi lọ ní gbogbo oṣù náà, ó ju digíríì kan lọ dáadáa. Ó dá ohun tí igi ti jí padà fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n bí bàbá rẹ̀ ti kọ ọ́ pé ibòòji náà fẹ̀ tó. Ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀ yí padà, ó ń gòkè. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n pọ́ìntì mẹ́rin.

"Ẹ bá mi wá fìlà mi," Tíṣà ké sí ìyá Fúnmi. "À ń lọ sí Isúàdà."

Orí òrùlé ni wọ́n bá Sylvanus. Ó ti gé imọ̀ ọ̀pẹ jọ bí òkìtì, ó ń tẹ́ ẹ sórí páànù lóun nìkan, kò tíì ju ìdá mẹ́ta òrùlé lọ. Nínú ilé, àwọn adìẹ tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n na ìyẹ́, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí Sylvanus ti rí Tíṣà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ kíá, ó dọ̀bálẹ̀. Tíṣà kò jẹ́ kó dìde kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìwé mi ló ṣì ọ́ lọ́nà, Sylvanus. Igi bo àpótí mi fún ogún ọdún, mo mọ̀, n kò sì sọ. Mo wá bẹ̀ ọ́."

"Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí," Sylvanus wí láti ilẹ̀. "Ẹ̀yin ti kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo gbé páálí bò ó."

Ìyá Fúnmi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò tíì rí ibi tí ọkùnrin méjì ti ń du ẹ̀bi mọ́ra wọn lọ́wọ́ báyìí. Fúnmiọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá Sylvanus níbi tó ti ń gbọn erùpẹ̀ dànù lára.

"Mo bi adìẹ rẹ," ó wí. "Wọ́n ní ìwọ lo jàre. Má bínú sí mi."

"Bínú kẹ̀? Ọjọ́ méje ni mo fi ń gbé fóònù tí mo sì ń gbé e kalẹ̀. Bí o kò bá wá lónìí, ẹyin ni ǹ bá tún gbé wá lọ́la."

Wọ́n ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi rọ̀. Sylvanus àti Fúnmiọlá ń tẹ́ imọ̀ sórí òrùlé, Ìyá Fúnmi ń ta omi sí i. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kó igba adìẹ jáde, Kàsúmù gba díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀, ìyókù lọ sí abẹ́ igi kòkó ìyá Sylvanus ní Arímògìjà. Tíṣà mú tẹmómítà kan tó ti pẹ́ nínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó so ó kọ́ sáàárín ilé adìẹ. Láti ọjọ́ náà, lọ́sọ̀ọ̀sán, àgbàlagbà tó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni ní Arímògìjà á wọ ọ̀kadà lọ sí Isúàdà, á gbé awò ńlá sójú, á ka tẹmómítà, á sì pàṣẹ ìgbà tí wọ́n máa ta omi sí òrùlé. Ó ń pe Sylvanus ní "ọmọ wa" kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Oṣù Kẹta parí. Adìẹ mọ́kànlá ló kú, àwọn ìyókù yè. Tíṣà fi bírò ṣe ìṣirò oṣù náà lórí tákàdá, kò gbà kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣe é. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n pọ́ìntì márùn-ún ló jẹ́. Ó ka nọ́ńbà náà sí Fúnmiọlá létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n òun kò ṣòfò, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

Ní ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde, àwọn ẹbí Sylvanus wọ bọ́ọ̀sì kan láti Arímògìjà. Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló gbẹnu sọ fún wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ tàgbàtàgbà, ó ní àwọn ń kọjá lọ ni àwọn rí òdòdó kan tó dára nínú ọgbà yìí, àwọn sì wá tọrọ rẹ̀. Gbogbo ilé ń retí kí Tíṣà béèrè pé òdòdó wo.

Tíṣà mi orí. "Kò sí òdòdó nínú ọgbà mi," ó wí. "Igi ni. Mo ti tọ́jú rẹ̀ pẹ́, ó yẹ kí n ti gé e, n kò gé e. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ lè fún un ní àyè tó fẹ̀, ẹ máa mú un lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀ wo àwọn ará rẹ̀, kò yé e. Ó yé Sylvanus. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì tètè dìde. Fúnmiọlá, tó jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé níbi tí wọ́n fi í pamọ́ sí, fi ọwọ́ bo ojú.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, àwọn méjèèjì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù náà, ọ̀mùnú fúrúùtù kan sì ti hù nídìí kùkùté, ewé rẹ̀ mẹ́rin. Sylvanus fi ọ̀bẹ wú u pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ ní Isúàdà ni òun máa gbìn ín sí, ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé.

"Kó bò ó dáadáa," ni Fúnmiọlá wí.

"Kó bò ó, kí àwọn ọmọ rẹ lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ kàwé."

"Àwọn ọmọ ta ni?"

"Àwọn ọmọ wa, olólùfẹ́ mi. Má bínú. Ẹ̀rù rẹ ṣì ń bà mí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fúnmiọlá gun orí àga, ó ka tẹmómítà, ó ké nọ́ńbà méjèèjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó wọlé, ìwé wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, bàbá rẹ̀ sì ti lọ mu ògì. Kò sí páálí lórí rẹ̀. Ó wo ti àná, apá òsì, òkè àti ìsàlẹ̀. Ó wá wo apá ọ̀tún.

*Àwọn ará Arímògìjà wá. Wọ́n tọrọ igi Fúnmi, mo fún wọn. Oòrùn mú, ṣùgbọ́n ara tù mí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.*